Ohun tí mo máa ń yẹ̀ wò lára hot rod roadster kí n tó kówó sílẹ̀

Hot rod ni ọkọ̀ àtijọ́, tàbí èyí tí wọ́n ṣe jọ ọ́, tí wọ́n tún kọ́ kó lè máa sáré; roadster sì ni èyí tí kò ní òrùlé irin. Orúkọ tó wà nínú ìwé rẹ̀ kì í sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Ìwé lè pè é ní Ford 1932, kí bọ́dì rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Ohio lẹ́yìn ọdún 2000, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ Chevrolet 350 (350 cubic inch), kí gíà rẹ̀ jẹ́ Turbo 350 ti General Motors, kí axle ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ Ford 9-inch tí wọ́n tú lára pick-up, kí sítíárìn rẹ̀ sì ti ara Chevrolet Vega wá. Ẹni tó kó gbogbo rẹ̀ jọ nínú gáréèjì ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Kò sí ìwé ìtọ́ni kankan fún un àfi rìsíìtì àti fọ́tò tí ẹni náà bá tọ́jú. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé àti abẹ́ ọkọ̀, tí ọ̀dà sì máa ń gbẹ̀yìn.

Bí wọ́n bá gbé méjì síwájú mi, tí ọ̀kan ń dán yanran torí pé orí trailer ló ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti parí rẹ̀, tí òkúta sì ti ta èkejì níwájú torí pé wọ́n ti wà á tó 5,000 máìlì, ọ̀dọ̀ èkejì ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Ọkọ̀ tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ máa ń ní àléébù tí kò ní fara hàn àfi tó bá rìn: bóòtù tó tú, họ́ọ̀sì tó ń ha ara irin, wáyà tó sún mọ́ páìpù èéfín jù, ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Láàárín 500 sí 1,000 máìlì àkọ́kọ́ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń jáde. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ tí kò rìn rí ló máa wá ṣe iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀, pẹ̀lú owó tirẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé sétí lè máa wò ó pé kí ló dé tó fi jẹ́ Ford 1932 ni gbogbo àwọn ọlọ́kọ̀ hot rod ń dárúkọ. Àwọn ọ̀dọ́ gúúsù California ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí. Wọ́n á ra Ford àlòkù, wọ́n á tú fẹ́ńdà rẹ̀ dànù, wọ́n á tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, wọ́n á lọ fi í sáré lórí adágún gbígbẹ bíi Muroc àti El Mirage. Ọdún 1937 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Southern California Timing Association sílẹ̀ kí eré náà lè ní ètò, nígbà tó sì di 1949, Speed Week àkọ́kọ́, ìyẹn ọ̀sẹ̀ ìdíje eré ọkọ̀, wáyé lórí ilẹ̀ iyọ̀ Bonneville ní ìpínlẹ̀ Utah. Ọdún 1932 ni Ford kọ́kọ́ gbé V8, ẹ́ńjìnnì oní sílíńdà mẹ́jọ, sínú ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ lásán lè rà: 221 cubic inch, agbára ẹṣin 65. Ṣáásí ọdún yẹn lẹ́wà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn síta, wọ́n tẹ ìlà kan sí i tó ń tẹ̀lé bí fẹ́ńdà ṣe tẹ̀, nítorí náà bí wọ́n bá tilẹ̀ yọ fẹ́ńdà, ojú rẹ̀ ò bàjẹ́. Roadster ló fúyẹ́ jù nínú wọn, ó ṣí lórí, kò sì ní gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tí ènìyàn ń yí sókè.

Bọ́dì ló ń pín owó wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tó wọ́n jù ni irin tí Ford fúnra rẹ̀ tẹ̀. Irin tuntun ló tẹ̀ lé e, irú èyí tí Brookville Roadster ń tẹ̀ ní Ohio. Fáíbà, ìyẹn fiberglass, ló rọjú jù. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sá fún fáíbà. Fáíbà tó dáa sàn ju irin tó ti dípẹtà lọ. Ohun tó burú ni kí wọ́n gba owó irin lọ́wọ́ yín fún fáíbà, tàbí kí wọ́n gba owó 1932 fún irin tí wọ́n tẹ̀ lánàá. Bí ẹni tó ń tà á bá ní irin ni gbogbo rẹ̀, ẹ bi í pé irin ọdún wo, ta ló tẹ̀ ẹ́, rìsíìtì dà? Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ọjà yìí gan-an ni wọ́n ń sọ.

Mágínẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń lẹ ìwé mọ́ fíríìjì tó fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́, torí kì í lẹ̀ mọ́ fáíbà, kò sì ní ha ọ̀dà. Géèjì tó ń wọn ọ̀dà ló sàn jù. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ kì í sábà ju mil 4 sí 7 lọ (mil kan ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì), ọ̀dà hot rod tí wọ́n kùn léraléra lè tó 10 sí 15. Kí n rí 12 káàkiri kò dùn mí. Ohun tí mo ń wá ni ibi tí géèjì ti fò láti 12 bọ́ sí 45 lẹ́ẹ̀kan náà, torí pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀ ló wà níbẹ̀, pọ́tì ò sì ṣàdéédé wà níbì kan. Ìsàlẹ̀ ibi tí ilẹ̀kùn ti pàdé iwájú, igun ẹ̀yìn lábẹ́ búùtù, àti etí ibi tí táyà ẹ̀yìn wà ni mo máa ń wọ̀n jù, torí ibẹ̀ ni omi ti máa ń dúró. Lára fáíbà, ẹ wo etí ìdè ilẹ̀kùn àti ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń há sí. Bí ọ̀dà bá sán tinrín-tinrín níbẹ̀, kò sí irin nínú fáíbà náà láti gbé ilẹ̀kùn ró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Fáíbà tó dáa máa ń ní túùbù irin tí wọ́n jó pọ̀ bí férémù láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò gba ju jáàkì lọ. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ wo àlàfo tó yí i ká, kó wà ní nǹkan bí 3/16 ínǹṣì, kó sì dọ́gba. Ẹ wá fi jáàkì gbé ṣáásí sókè níwájú lápá kan ṣoṣo títí táyà yóò fi kúrò nílẹ̀. Ẹ padà lọ wo àlàfo yẹn. Bó bá ti yí padà tàbí tí ilẹ̀kùn ò ṣí dáadáa mọ́, ṣáásí ń lọ́, tàbí kí bóòtù tó de bọ́dì mọ́ ọn ti tú.

Ọkọ̀ tí kò ní òrùlé irin, ṣáásí ló ń gbé gbogbo wàhálà rẹ̀. Ti 1932 ṣí sílẹ̀ nínú bíi lẹ́tà C, agbára ẹṣin 65 ni wọ́n sì ṣe é fún. Bí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì tó ní 300 lé e, wọ́n gbọ́dọ̀ fi irin pẹlẹbẹ dí ẹnu C yẹn kó lè di àpótí, kí wọ́n sì fi irin tó lágbára dábùú àárín rẹ̀. Mo máa ń wọlé sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí n máa fi ìka tẹ̀lé ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Èyí tó dáa máa ń dọ́gba, ó sì ń wọ ara irin méjèèjì. Èyí tó kàn dúró gọngọ sórí irin ò wọlé rárá. Ibi tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ fá a dán tí wọ́n sì kun ọ̀dà lé, mo máa ń béèrè fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó fá a. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ní fọ́tò yẹn nílẹ̀. Ibi tó sábà máa ń sán ni ibi tí wọ́n de sítíárìn mọ́, ibi tí ọ̀pá tó di axle iwájú mú ti so mọ́ ṣáásí, àti ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì.

Iwájú ni mo máa ń pẹ́ sí jù, torí ibẹ̀ ni àìmọ̀ ẹni tó kọ́ ọkọ̀ ti lè pa ẹni tó rà á. Roadster tó tẹ̀lé ìlànà àtijọ́ máa ń lo axle gbọọrọ kan tí wọ́n ti tẹ̀ wálẹ̀ ní nǹkan bí ínǹṣì 4 kí imú ọkọ̀ lè sún mọ́lẹ̀. Axle yìí lè jẹ́ I-beam, irin tó rí bíi lẹ́tà I, tó ń lọ́ díẹ̀, tàbí túùbù, tí kì í lọ́ rárá. Ohun tó ń dì í mú lè jẹ́ hairpin, ọ̀pá tó rí bíi píìnì irun, tàbí wishbone, ọ̀pá oníga méjì tí wọ́n là sí méjì, tàbí ọ̀pá mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní four-bar. Nígbà tí táyà kan bá gun òkè tí èkejì wà nílẹ̀, hairpin á fẹ́ lọ́ axle. I-beam á gbà fún un, á lọ́ díẹ̀, á tún padà sípò. Túùbù ò ní gbà. Agbára yẹn á wá kọjú sí ibi tí wọ́n ti jó hairpin mọ́ túùbù, ibẹ̀ á máa sán díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi já lọ́jọ́ kan. Four-bar ló bá túùbù mu. I-beam lè bá èyíkéyìí rìn. Bí mo bá rí túùbù pẹ̀lú hairpin, owó axle tuntun àti iṣẹ́ ọwọ́ ti kúrò nínú iye tí mo fẹ́ san kí n tó la ẹnu mi.

Sítíárìn Vega ló wọ́pọ̀ jù. Ọ̀pá tó ti ara rẹ̀ lọ sí táyà ọwọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ nà lọ́gbọọgba pẹ̀lú ọ̀pá tó so táyà méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀kan bá dagun ju èkejì lọ, gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá wọ̀ ni sítíárìn á máa yí fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Síbẹ̀, sípíríngì tó dábùú iwájú ọkọ̀ yìí máa ń jẹ́ kí bọ́dì mì sọ́tùn-ún sósì lórí axle, nítorí náà ó yẹ kí ọ̀pá Panhard wà tó so axle mọ́ ṣáásí látẹ̀gbẹ́. Ọ̀pọ̀ ló yọ ọ́ kúrò torí pé kò wù wọ́n lójú. Caster, ìyẹn bí orí kingpin (píìnì tí táyà iwájú ń yí lé lórí) ṣe fẹ̀yìn tì, ó yẹ kó wà láàárín digírì 5 sí 7, kí ojú táyà méjèèjì sì fi nǹkan bí 1/16 sí 1/8 ínǹṣì súnmọ́ ara wọn níwájú ju ẹ̀yìn lọ. Nígbà tí caster bá kéré, tí kingpin ti jẹ, tí táyà ò sì ní báláǹsì, iwájú ọkọ̀ lè ṣàdéédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì ní nǹkan bí máìlì 40 láàárín wákàtí kan, kò sì ní dẹwọ́ àfi tí ọkọ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Láti mọ̀ bóyá kingpin ti jẹ, ẹ gbé táyà sókè, ẹ di orí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ máa tì í síwá-sẹ́yìn. Bó bá ń mì, kí ẹnì kejì tẹ bíréèkì. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bíárìn ni. Bí kò bá dúró, kingpin ni.

Ẹ wo orí bóòtù. Ìlà mẹ́ta lórí rẹ̀ túmọ̀ sí Grade 5, ìlà mẹ́fà sì ni Grade 8. Lára sítíárìn àti àwọn ọ̀pá iwájú, mi ò fẹ́ rí bóòtù tí orí rẹ̀ dán borokoto láìsí ìlà kankan. Àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ fún ìfihàn fẹ́ràn bóòtù stainless torí dídán rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èyí tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ ò lágbára tó Grade 8. Wọ́n tún máa ń fá ìlà orí bóòtù kúrò kí wọ́n tó fi chrome bò ó, chrome tí wọn ò sì ṣe dáadáa lè mú kí irin líle máa kán lójijì. Nọ́ọ̀tì tó yẹ kó ní píìnì láàárín gbọ́dọ̀ ní in. Mo ti rí ọkọ̀ tí owó ọ̀dà rẹ̀ tó ra ilẹ̀, tí píìnì kékeré yẹn ò sí lára sítíárìn rẹ̀.

Bíréèkì Ford 1932 kò lo omi, ọ̀pá ni wọ́n fi ń fà á. Ọdún 1939 ni Ford bẹ̀rẹ̀ sí í lo omi, ìdí nìyí tí ìlù bíréèkì 1940 fi gbajúmọ̀ lára hot rod. Lóde òní ọ̀pọ̀ wọn ló ní disc, ìyẹn bíréèkì aláwo, níwájú. Ohun tó máa ń dà wọ́n láàmú ni pé abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ni master cylinder, ibi tí ẹsẹ̀ bíréèkì ti ń ti omi, wà, ó sì rẹlẹ̀ ju bíréèkì táyà lọ, nítorí náà omi á máa ṣàn padà sẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ti dúró díẹ̀, ẹsẹ̀ bíréèkì á wọlé jìnnà kó tó mú. Fáàfù kékeré tó ń dá omi dúró ló ń tọ́jú èyí: psi 2 fún disc, psi 10 fún ìlù (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára títì). Bí wọ́n bá fi 10 sí disc, bíréèkì á máa di táyà mú, á máa gbóná. Ẹ tẹ bíréèkì pẹ̀lú agbára fún ìṣẹ́jú kan láìtan ẹ́ńjìnnì. Bí ẹsẹ̀ bá ń rọra wọlẹ̀, omi ń gba ibì kan kọjá nínú master cylinder. Irin tó ń gbé omi bíréèkì kò gbọdọ̀ jẹ́ bàbà, kò sì gbọdọ̀ ní ìsopọ̀ tí wọ́n kàn fún mọ́ra bíi ti páìpù omi. Ẹ sì wo àwọ̀ omi náà. Bó bá jẹ́ elésè àlùkò, irú omi bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 5 ni. Àwọn ọlọ́kọ̀ ìfihàn fẹ́ràn rẹ̀ torí kì í jẹ ọ̀dà, àmọ́ kò gbọdọ̀ pàdé DOT 3, omi bíréèkì tó wọ́pọ̀, láéláé.

Ẹ́ńjìnnì ò gba ariwo púpọ̀ bó bá jẹ́ Chevrolet 350. Páátì rẹ̀ wà káàkiri, mẹkáníìkì tó sì mọ̀ ọ́n ò wọ́n. Ẹ fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó tan án. Bó bá ti gbóná, ẹni tó ń tà á ti tan án kí ẹ tó dé, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kì í jí lárọ̀ọ̀rọ̀. Bó bá gbóná tán, géèjì ọ́ìlì yẹ kó wà ní nǹkan bí psi 20 ó kéré tán bó bá ń rọra ṣiṣẹ́, kó sì máa fi nǹkan bí 10 gòkè fún 1,000 rpm (ìyípo láàárín ìṣẹ́jú kan) kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọn compression, ìyẹn agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń há, nínú gbogbo sílíńdà mẹ́jọ. Èyí tó kéré jù kò gbọdọ̀ dín ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tó ga jù. Bí wọ́n bá ní 383 stroker, ìyẹn 350 tí wọ́n fẹ inú rẹ̀, ni, bọ́lọ́ọ̀kù 350 kan náà ni lójú, iye owó nìkan ló yàtọ̀. Rìsíìtì ẹni tó tún un ṣe ló lè jẹ́rìí. Ẹ béèrè ọ́ìlì tí wọ́n ń lò pẹ̀lú. Camshaft àtijọ́, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, tí kò ní roller nílò ọ́ìlì tó ní zinc dáadáa, ọ́ìlì ọkọ̀ òde òní ò sì ní i tó. Orí camshaft á máa jẹ láìsí ariwo, títí ẹ́ńjìnnì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀.

Flathead yàtọ̀ pátápátá. V8 Ford àtijọ́ nìyẹn, ó dùn ún gbọ́, ó sì wù mí ju 350 lọ, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ sùúrù àti owó. Èéfín rẹ̀ ń gba inú bọ́lọ́ọ̀kù kọjá láàárín sílíńdà kí ó tó jáde, nítorí náà omi ló máa ń kó ooru gbogbo rẹ̀. Pọ́ọ̀ǹpù omi méjì ló ní, thermostat méjì. Bí ó bá ti gbóná jù rí, bọ́lọ́ọ̀kù lè ti sán láti ojú fáàfù lọ sí sílíńdà, ojú lásán ò sì lè rí i. Ẹ má ra flathead tí wọ́n ní àwọn ti tún ṣe láìrí ìwé ibi tí wọ́n ti dán bọ́lọ́ọ̀kù náà wò bóyá ó sán. Lórí rẹ̀ ẹ máa ń rí Stromberg 97 méjì tàbí mẹ́ta. Kábúrétọ̀ yìí kò fẹ́ ju psi 3 lọ. Pọ́ọ̀ǹpù epo oníná tí kò ní ohun tó ń dín agbára rẹ̀ kù á kún inú rẹ̀ àkúnwọ́sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ páìpù èéfín gbígbóná wà nítòsí. Mo máa ń tan ọkọ̀, kí n pa á, kí n dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n gbóòórùn. Bí epo bá ń rùn, ibi tó ti ń jáde la máa kọ́kọ́ wá.

Gbígbóná ni àrùn gbogbo wọn. Rédíétọ̀ kéré, bọ́nẹ́ẹ̀tì bò ó, ẹ́ńjìnnì sì tóbi ju èyí tí wọ́n ṣe bọ́dì náà fún lọ. Ẹ wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ wá dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìpa á. Bó bá kọjá 210°F tí kò sì padà, fáànù ò ní àpótí tó ń darí atẹ́gùn, tàbí fáànù jìnnà sí rédíétọ̀. Thermostat tuntun ò ní wo ìyẹn sàn.

Fún wáyà, fáíbà kì í gbé iná. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ àti géèjì ló nílò wáyà máínáàsì tirẹ̀, kí wáyà nínípọn sì ti bátìrì lọ sí ṣáásí, kí òmíràn ti ẹ́ńjìnnì lọ sí ṣáásí. Bí ẹ bá tan iná iwájú tí géèjì epo wá gòkè, máínáàsì ló burú. Ẹ tan gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bátìrì yẹ kó ṣì wà láàárín 13.5 sí 14.5 volt. Bátìrì sábà máa ń wà nínú búùtù, nítorí náà ẹ tẹ̀lé wáyà rẹ̀ dé iwájú. Ibi tó bá ti gba inú irin kọjá láìní rọ́bà létí, ibẹ̀ ni iná ọkọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ béèrè iye gíà ẹ̀yìn kí ẹ tó ronú ìrìn àjò. Ẹ fi iyára lu gíà, ẹ tún fi 336 lù ú, kí ẹ wá fi gíga táyà ní ínǹṣì pín in. Pẹ̀lú gíà 4.11 àti táyà ínǹṣì 29, máìlì 65 á mú ẹ́ńjìnnì yí ní nǹkan bí 3,100 rpm, etí yín á sì sọ fún yín. Pẹ̀lú 3.25, nǹkan bí 2,450 ni. Táyà fúnra rẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ìlà DOT tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Ọkọ̀ ìfihàn máa ń ní táyà tí ojú rẹ̀ tuntun, tó sì ti gbó láti inú. Táyà tó bá ti kọjá ọdún mẹ́wàá, mo ti ka owó rẹ̀ mọ́ owó ọkọ̀ nìyẹn.

Ìjókòó àti awọ inú ò gba àkókò mi. Kí ẹ ṣáà jókòó sínú rẹ̀ kí ẹ tó ná an. Ẹni tó bá ga lè rí i pé orúnkún òun ń kan sítíárìn, tàbí pé férémù gíláàsì iwájú tí wọ́n ti gé kúrú wà gẹ́lẹ́ níwájú ojú òun.

Ìwé wá kù. Ibí ni owó ńlá ti ń ṣègbé, ó sì gba sùúrù ju abẹ́ ọkọ̀ lọ. Nọ́ńbà Ford V8 1932 ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 18, ìràwọ̀ wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, ara ṣáásí lápá òsì ni Ford tẹ̀ ẹ́ sí. Ṣáásí tuntun ò ní nọ́ńbà Ford. Nítorí náà, bí ṣáásí bá jẹ́ tuntun tí ìwé sì gbé nọ́ńbà 18, ẹnì kan ló gbé nọ́ńbà yẹn débẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ra ìwé ògbólógbòó lọ́tọ̀, ó wá kan nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ tuntun. Ìpínlẹ̀ kan lè má wò ó, kí òmíràn gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e lọ forúkọ sílẹ̀. Èyí tó mọ́ jù fún ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ tuntun ni nọ́ńbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ fún un, kí ìwé sì sọ gbangba pé ènìyàn ló kó o jọ. California ní ẹ̀ka kan fún irú rẹ̀; 500 péré lọ́dọọdún ni wọ́n ń fún ní ìwé tó jẹ́ kí àyẹ̀wò èéfín wọn dá lórí ọdún tí ọkọ̀ tàbí ẹ́ńjìnnì náà jọ. Ẹ pe ọ́fíìsì ọkọ̀ ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ohun tó wà nínú ìwé náà fún wọn. Ẹ fi nọ́ńbà inú ìwé wé ti ara ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tó wà lórí ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tó dúró níwájú yín, kó sì fi káàdì rẹ̀ hàn. Bí ó bá ní ọ̀rẹ́ òun ló ni ín, kí ọ̀rẹ́ náà wá fọwọ́ sí i. Bí báńkì bá wà lórí ìwé, kí lẹ́tà tó fi hàn pé gbèsè ti tán wà lọ́wọ́.

Ẹni tó ń rò ó pé òun máa rà á ní Amẹ́ríkà kí òun gbé e lọ sí Èkó, kó kọ́kọ́ ka òfin kọ́sítọ́ọ̀mù. Nàìjíríà ní gbèdéke ọjọ́ orí fún ọkọ̀ àlòkù, ọdún 1932 lórí ìwé ò sì ní ràn án lọ́wọ́. Bọ́ǹpù tó ń dín eré ọkọ̀ kù lójú títì àdúgbò ò sì ní dá abẹ́ rẹ̀ sí.

Ní ti iye, ẹ gba gbogbo rìsíìtì, ẹ rò ó pọ̀. Ó sábà máa ń ju iye tí wọ́n fẹ́ tà á lọ, torí owó tí ènìyàn fi kọ́ hot rod kì í padà wálé tán. Ìdí nìyí tí ríra èyí tí wọ́n ti parí fi rọrùn ju kíkọ́ tuntun lọ. Ẹ ṣe ìṣirò táyà, bíréèkì, axle àti wáyà tó kù díẹ̀ káàtó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á; orí ìwé ló dáa jù láti ná ọjà yìí. Ìbánigbófò tí ẹ óò gbà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ jọ fẹnu kò lórí iye ọkọ̀ náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ó bá jóná, iye Ford àlòkù ni wọ́n á san.

Báńkì ni kí ẹ ti sanwó, kí ẹ sì gba ìwé níbẹ̀ kí ẹ tó jáde. Bí wọ́n bá máa gbé e wá fún yín lórí trailer, kó jẹ́ èyí tó bò. Kí epo inú táńkì máà ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, kí wọ́n yọ máínáàsì bátìrì, kí wọ́n so ó mọ́ axle. Wọn ò gbọdọ̀ so ó mọ́ hairpin tàbí ọ̀pá Panhard, torí okùn trailer lè tẹ̀ ẹ́ kó tó dé ilé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ìsàlẹ̀ àti òkè rẹ̀ ránṣẹ́ kí awakọ̀ tó fọwọ́ kàn án.